Igbó òrìṣà kì í ṣe ilẹ̀ títà

Ẹ̀yin ará Daagbé, bí olówó bá fẹ́ gé igbó òrìṣà kọ́lé, kí lẹ máa ṣe?

Ẹ gbọ́ ti Òṣogbo. Àwọn tó ń ta ilẹ̀ fẹ́ jẹ igbó Ọ̀ṣun run. Susanne Wenger, Àdùnní Olóríṣà, àti àwọn olórìṣà kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n mọ ògiri, wọ́n mọ ère síbẹ̀. Ní 1965, ìjọba Nàìjíríà fi òfin dáàbò bo apá kan rẹ̀. Ní 2005, UNESCO gbà á wọ ogún àgbáyé.

Àwa náà ní òfin ní Bẹ̀nẹ̀: àṣẹ ọdún 2012 lórí igbó òrìṣà. Ẹ pe àwọn àgbà, ẹ fi ààlà hàn, ẹ gbé e lọ sí mérì, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ta ló mọ ààlà igbó yín? Ìwé rẹ̀ dà?