Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwọn òbí tí ojú ń tì láti sọ pé yunifásítì tí ọmọ wọn wọ̀ kì í ṣe ti Ìbàdàn tàbí ti Ifẹ̀ ni mo ń fi òwe yìí kí. Yunifásítì Al-Hikmah wà ní Adéwọlé nílùú Ìlọrin. Àjọ ẹlẹ́sìn Ìsìláàmù tí Alhaji AbdulRaheem Oladimeji dá sílẹ̀ ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 2005. Kò tóbi tó Yunifásítì Ìlọrin, tó ti wà láti 1975, ṣùgbọ́n wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ ètò ọrọ̀ ajé níbẹ̀. Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, bí wọ́n bá ti mú ọ síbẹ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí, tí ilé rẹ sì wà ní Ìkòròdú tàbí Ẹpẹ́, gbọ́ tẹnu mi.

Ibi tí èèyàn kò bá ti pọ̀, kò síbi tí wàá sá pamọ́ sí. Olùkọ́ á mọ orúkọ rẹ, á sì mọ ọjọ́ tí o kò wá. Àwọn kan ka èyí sí ìyà. Èmi kà á sí oore. Lọ bá a ní ọ́fíìsì, kí o béèrè ohun tí kò yé ọ, pàápàá ìṣirò. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń sá fún ìṣirò wá sídìí ẹ̀kọ́ yìí, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ káràkátà lásán ni. Ẹni tí ò lè gbé eèrà, tó ń kùsà sí erin, títẹ́ ní ń tẹ́. Ọdún kìíní ni kí o ti gbé eèrà náà, nítorí econometrics, ìyẹn fífi ìṣirò díwọ̀n ọ̀rọ̀ ajé, ń bọ̀ níwájú.

Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Nílé, ìyá rẹ ló ń nájà. Ní Ìlọrin, ìwọ fúnra rẹ ni. Mú ìwé kékeré kan lọ sí ọjà Ìpàtà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá kan náà ni kí o máa lọ. Kí i dáadáa, “ẹ kú ọjà o, Àlájà,” ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ kí o tó da ìbéèrè bò ó. Kọ iye tí wọ́n ń ta kóńgò gàárì sílẹ̀, ṣùgbọ́n wo orí kóńgò náà pẹ̀lú. Nígbà mìíràn owó kò yí padà rárá, àmọ́ gàárì tó ga gegele lọ́sẹ̀ tó kọjá ti di pẹrẹsẹ. Ọ̀wọ́ngógó nìyẹn, kò kàn pariwo ni.

Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni kí o fi wo ìwé ìjọba. Ní December 2024, NBS, àjọ tó ń ṣàkójọ ìṣirò fún ìjọba Nàìjíríà, ní ọ̀wọ́ngógó ọjà jẹ́ ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní January 2025, ó di 24.48. Ṣé ọjà wá rọ̀ ni? Rárá o. Wọ́n fi ọdún 2024 rọ́pò 2009 tí wọ́n fi ń díwọ̀n tẹ́lẹ̀ ni, wọ́n sì dín ìpín tí oúnjẹ ní nínú agbọ̀n ọjà tí wọ́n ń wọ̀n kù. Ẹni tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye gàárì sílẹ̀ kò ní tètè ṣì í lóye.

Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́: má máa sáré lọ sílé ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù May 2023 ni owó ọkọ̀ ti fò sókè. Èkó sí Ìlọrin, o ó kọjá Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́. Owó ọkọ̀ nìkan kọ́ lo ná, ọjọ́ méjì tí o kò fi kàwé náà wà nínú rẹ̀. Tẹ ìyá rẹ láago, kí o dúró di ìgbà tí wọ́n bá gba ìsinmi. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ má gbójú lé owó NELFUND tí ìjọba fi ń yá akẹ́kọ̀ọ́ o: ilé-ìwé ìjọba ni wọ́n ṣí i fún, Al-Hikmah kì í sì í ṣe ti ìjọba. Ẹ ti ṣírò owó ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ọmọ tó wọlé, kí ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ ìdánwò.

Ní ti ìwé àṣekágbá tí o máa kọ kí o tó gboyè, àìrí àkọsílẹ̀ iye tí wọ́n fẹ́ ṣírò ló ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Àkọsílẹ̀ náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, nínú àkójọ ti CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, àti ti NBS. Ọdún kẹta ni kí o ti wà á sórí kọ̀ǹpútà rẹ, lọ́jọ́ tí iná bá wà.