Ṣé ká fi CPU kún sáfà tó ń fà?

Ìbéèrè: Láago mẹ́wàá àárọ̀, ńṣe ni àwọn virtual machine wa lórí VMware máa ń fà bí ìgbín. Ọ̀gá ní ká fi CPU kún wọn. Ṣé ká ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì fi nǹkan kan kún un. Ẹ kọ́kọ́ kó àkọsílẹ̀ jọ lásìkò tó ń fà gan-an. Àtẹ ọjọ́ kan inú vCenter kò tó, torí ìṣẹ́jú 5 ló ń pa pọ̀ ṣe ìwọ̀n ẹyọ kan. Ìnira ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ á ti pòórá sínú rẹ̀. Kí aago mẹ́wàá tó lù, ẹ wọlé sórí ESXi, kí ẹ tẹ èyí:

esxtop -b -d 10 -n 360 > aaro.csv

Á máa gba ìwọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá 10-10 fún wákàtí kan. Ẹ tún un ṣe lásìkò tí ara sáfà dá, kí ẹ lè fi wéra. “% Ready” ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: àkókò tí virtual machine fi tò sórí ìlà de CPU nìyẹn. Bó bá ga, CPU tí ọ̀gá fẹ́ fi kún un lè mú kí ìlà náà gùn sí i. Bó bá kéré, ẹ yẹ ibi ìpamọ́ dátà wò, bóyá ibẹ̀ ló ń pẹ́ dáhùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ ọ̀gá kó fún yín ní wákàtí náà kó tó náwó.