Òògbé Kì í Ṣe Oorun: Àbá lórí Orúkọ Oògùn inú Iṣẹ́ Abẹ Àṣerelé

Iṣẹ́ abẹ àṣerelé ni a pe iṣẹ́ abẹ tí aláìsàn ń padà sílé ní ọjọ́ kan náà tí a ṣe é, irú bí iṣẹ́ abẹ ìpá. Ó rọrùn kí ògbufọ̀ pe gbogbo oògùn inú iṣẹ́ yìí ní "oògùn oorun", ṣùgbọ́n orúkọ náà lè ṣi aláìsàn lọ́nà.

Oríṣi mẹ́ta ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀. Èkíní ni akunnilóorun, irú bí propofol tí ìwọ̀n rẹ̀ pọ̀ tó: ẹni tí a kùn lóorun kò gbọ́, kò sì mọ̀. Èkejì ni apamọ̀lára, irú bí lidocaine, tí ń mú kí ojú abẹ kú tipiri. Ẹ̀kẹta ni amúnitòògbé, irú bí midazolam. A yan orúkọ yìí nítorí pé ẹni tí ó ń tòògbé, bí a bá pè é, yóò dáhùn. Ẹ̀rù rẹ̀ dínkù, ṣùgbọ́n oògùn náà kì í pa ìrora. Bí a bá sọ fún un pé yóò sùn, tí ó sì ń gbọ́ ohùn dókítà, yóò rò pé oògùn kò ràn án.

Síbẹ̀, bí ìwọ̀n amúnitòògbé bá pọ̀ jù, òògbé a di oorun, èémí a sì falẹ̀. Nítorí náà ni a fi ń ṣọ́ èémí aláìsàn láìdáwọ́dúró.

Àkókò ìdínkù-sídajì ni àkókò tí ìdajì oògùn fi ń kúrò lára. Ti diazepam, tí ó jáde sí ọjà ní 1963, lè tó wákàtí 20 sí 50. Ti midazolam, tí a kọ́kọ́ ṣe ní 1975, kò ju bíi wákàtí 1½ sí 2½ lọ. Ìdí nìyí tí èkejì fi bá iṣẹ́ àṣerelé mu jù.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún: "ó ti jí". Ojú aláìsàn lè là, kí ó máa dáhùn, síbẹ̀ kí iyè rẹ̀ má tíì pé; ohun tí a sọ fún un nígbà náà lè di ìgbàgbé. Kí a gba ìyọ̀ǹda rẹ̀, kí a sì ṣe gbogbo àlàyé, kí oògùn tó wọ ara rẹ̀. Kí a tún un sọ fún ẹni tí yóò sìn ín relé pé aláìsàn kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ fún wákàtí 24.

A fi àbá yìí síwájú ẹ̀yin olùkọ́ àti ògbufọ̀ fún àyẹ̀wò.