Ó Jó, Ó Já, Ó Kú: Kí Ló Ṣe Iná Ọ̀kadà Yín?

Ẹni tó sọ pé "iná ọ̀kadà mi ti kú" kò ṣì í sọ. Bí èèyàn bá pa iná, iná á kú. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sì pa á, ó ṣì lè kú fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àbájáde nìkan ni "kú" ń sọ, kò sọ okùnfà. Ọlọ́kadà tó ń ná Ìkẹ́rẹ́ sí Ìsẹ̀ tàbí Ẹmùrẹ́ ní Èkìtì lórí alùpùpù tó ti gbó, irú Honda CG125 tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1976, gbọ́dọ̀ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ tó bá dé ọ̀dọ̀ réwáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe ni Yorùbá ti ń ya àìsàn iná kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ẹni tó bá ṣì í yàn lè náwó sórí ohun tí kò bàjẹ́.

Ẹ wo jó àti já. Gílóòbù àti fíùsì ló ń jó. Wáyà ló sábà máa ń já, pàápàá níbi ọrùn ọ̀kadà tí à ń yí sọ́tùn-ún sósì lójoojúmọ́. Bí wáyà bá wá jó, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn: ara rẹ̀ ti bó, ó ti kan irin tàbí wáyà mìíràn, ohun tí àwọn réwáyà ń pè ní bríìjì. Fáwẹ̀lì kan ló yàtọ̀, àtúnṣe méjì ni. Èyí tó já, ẹ so ó. Èyí tó jó, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí bríìjì náà wà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ tuntun náà á jó. Àmì ohùn náà níṣẹ́ tirẹ̀: báàtìrì tó ń jò, omi ásíìdì rẹ̀ ló ń dànù, kò jó. Iná tó ń ṣẹ́jú nígbà tí táyà bá kó sí kòtò kò tíì kú rárá. Ojú ìsopọ̀ kan ló dẹ̀ tàbí tó dípẹtà, bóyá níbi tí wáyà ti so mọ́ irin ara ọ̀kadà.

"Iná ti lọ" ní tirẹ̀ kò bá ọ̀kadà mu. Èdè NEPA nìyẹn: ibòmíràn ni iná ti ń wá, wọ́n sì lè mú un lọ. Ọ̀kadà ń ṣe iná tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ àwọn àtijọ́, iná iwájú kì í gba inú báàtìrì kọjá, ara ẹ́ńjìnnì ló ti ń wá tààrà. Ìdí nìyí tó fi ń ṣe bàìbàì tí ẹ́ńjìnnì bá rọra ń ṣiṣẹ́, tó sì ń mọ́lẹ̀ tó bá sáré. Ẹni tó bá sọ pé iná òun ń ṣe bàìbàì láìsọ ìgbà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lè fi owó báàtìrì tuntun ṣòfò.

Ẹnìkan lè ní Gẹ̀ẹ́sì ṣáà ni wáyà, fíùsì àti báàtìrì, kí ni Yorùbá ń wá níbẹ̀? Orúkọ la yá, a ò yá ọ̀rọ̀-ìṣe. Kí iná mọ̀nàmọ́ná tó tàn l'Ékòó lọ́dún 1896 ni okùn ti ń já, tí igi ti ń jó, tí àtùpà ti ń kú, tí agbè sì ti ń jò. Kódà, ará Èkìtì tó pe iná ní uná kò pàdánù nǹkan kan, bí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ bá ti bá àìsàn náà mu. Ẹlòmíràn á ní réwáyà ní ohun tó fi ń dán iná wò, kò nílò àlàyé wa. Òótọ́ ni, àmọ́ ohun tó bàjẹ́ lásìkò tó ń dán an wò nìkan nìyẹn lè fi hàn. Iná tó ń ṣẹ́jú lójú ọ̀nà Ẹmùrẹ́ lè tàn dáadáa nínú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà náà, ẹnu ẹni tó gun ọ̀kadà nìkan ni ẹ̀rí wà. Kó sọ iná tó kú, ìgbà tó kú, àti bó ṣe kú.