Owó Ìrànwọ́ ní Ọwọ́ Obìnrin: Ẹ̀kọ́ láti Pakistan

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ìbéèrè kan ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lóṣù yìí: bí ìjọba bá fẹ́ fi owó ran ilé tálákà lọ́wọ́, ta ni kó fi í lé lọ́wọ́?

Ní ọdún 2008, ìjọba Pakistan dá ètò ìrànwọ́ kan sílẹ̀. Wọ́n fi orúkọ Benazir Bhutto pè é, obìnrin tó ṣe olórí ìjọba níbẹ̀ nígbà méjì, tí wọ́n pa ní 2007. Rupee 1,000 lóṣù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Wọn kò fi lé baálé lọ́wọ́. Obìnrin tó ti lọ́kọ ni wọ́n ń fún, títí kan opó.

1. Ohun tó ju owó lọ: Ẹni tí kò ní káàdì ìdánimọ̀ kò lè gba owó náà. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ obìnrin tí kò ní káàdì tẹ́lẹ̀ lọ gbà á. Káàdì yìí kan náà ni wọ́n fi ń dìbò níbẹ̀. Owó a tán lọ́jà. Káàdì kò tán.

2. Àǹfààní ọmọ: Ní 2012, wọ́n fi owó ilé-ìwé kún un fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilé-ìwé déédéé. Ní 2020, wọ́n jẹ́ kí ti ọmọbìnrin pọ̀ ju ti ọmọkùnrin, nítorí àwọn ọmọbìnrin tí kò rí ilé-ìwé lọ ló pọ̀ jù.

3. Ibi tí ìṣòro wà: Owó lè wà lórúkọ obìnrin kó má rí i ná. Àwọn asanwó kan a máa yọ nínú owó ẹni tí kò mọ̀wé. Ọkọ tàbí ẹbí ọkọ a sì máa gba ti ẹlòmíràn. Òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ló ń mú owó lọ sílé tẹ́lẹ̀. Wọ́n yí i sí káàdì báǹkì, lẹ́yìn náà sí ìtẹ̀ka. Síbẹ̀, ìtẹ̀ka kò lè ka owó fún ẹni tí kò mọ iye tó tọ́ sí i.

Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Suratun-Nisāi, āyat 4, fi yé wa pé ti obìnrin ni sàdáàkì rẹ̀. Àfi ohun tó bá fínnúfíndọ̀ yọ̀ǹda nìkan ni ọkọ lè jẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá gba owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ aya rẹ̀ tipátipá, kí ló fẹ́ fi gbèjà ara rẹ̀?

Ìbéèrè fún ìjíròrò:
(a) Kí ni káàdì ìdánimọ̀ ṣe fún obìnrin tí owó nìkan kò lè ṣe?
(b) Ìyá wo ní àdúgbò yín ni ẹ lè kọ́ ní ìwé àti ìṣirò kí oṣù yìí tó parí?