Ẹ Dúró ní Ẹnu Ọ̀nà

Bí a bá ti Ìsàlẹ̀ Òsì dé ilé ìsìn Kátólíìkì ti Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ má ṣe yára wọlé. Ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀kùn igi tí Làmídì Fákẹ́yẹ gbẹ́. Ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni, Mùsùlùmí sì ni. Ọ̀dọ̀ George Bándélé ni ó ti kọ́ṣẹ́ ní Ọyẹ́-Èkìtì, níbi tí Fadá Kevin Carroll àti Fadá Sean O'Mahony ti dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní 1947.

Aréògún, baba Bándélé, a máa gbẹ́ ère fún àwọn olórìṣà. Iṣẹ́ ọwọ́ yẹn gan-an ni ọmọ rẹ̀ fi sin Ìjọ. Ẹ̀rù sì ba àwọn onígbàgbọ́ kan nígbà náà pé ìbọ̀rìṣà ni ó tún padà dé. Ṣùgbọ́n Àpèjọ Nísíà ti 787 ti kọ́ wa pé ọ̀wọ̀ tí a bá fi fún ère, ẹni tí ère náà dúró fún ni ó ń lọ bá.

Nítorí náà, bí ikán bá ń jẹ ère àtijọ́ kan nínú ìjọ wa, ẹ má ṣe sọ ọ́ nù. Ẹ tọ́jú rẹ̀, kí àwọn ọmọ wa lè rí i kí wọ́n sì gbàdúrà.