Okùn Ọrùn Tàbí Okùn Ọwọ́: Ọrùn Wo Là Ń Wí?

"Ẹ yé fi okùn sọ́rùn mọ́, ọwọ́ ni kí ẹ máa wọ kámẹ́rà yín sí." Ohùn atọ́kùn ètò kan lórí rédíò ni, àwọn tó ń ya fọ́tò lóde ìnáwó ló sì ń gbà nímọ̀ràn kí ọrùn má baà máa dùn wọ́n. Ìmọ̀ràn rere ni. Àmọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò rẹ̀ ní àkókò yẹn, tí gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan bọ́ sí i létí, yóò rò pé ẹni tó fẹ́ para rẹ̀ ni wọ́n ń ṣìpẹ̀ fún. Ewúrẹ́ ni à ń fi okùn sí lọ́rùn, akèrègbè ni à ń fi okùn sí lọ́rùn. Àwọn àgbà tilẹ̀ ní akèrègbè fúnra rẹ̀ ló ń júwe ibi tí wọn yóò ti fokùn sí òun lọ́rùn. Tó bá di ti ọmọ ènìyàn, ẹnu a máa yà bàrá. Ṣùgbọ́n mo fojú fo ìyẹn. Ohun tó ń hó létí mi ni "wọ̀", àti "ọwọ́" tó ṣáájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tètè parí ti "wọ̀", torí ó pẹ́ tó ti ń gba ilé onílé. Fìlà ni à ń dé, gèlè ni à ń wé, ìró ni à ń ró, ìborùn ni à ń dà bora, òrùka ni à ń fi sọ́wọ́. Lónìí gbogbo rẹ̀ ti di wíwọ̀: wọ́n ń wọ fìlà, wọ́n ń wọ gèlè, wọ́n ń wọ jígí sójú. Ti aago, mo juwọ́ sílẹ̀. "Wọ aago" ti borí, àwa tó ṣì ń fi aago sọ́wọ́ kò pọ̀ mọ́. Wọ̀ tí à ń wọ aṣọ àti wọ̀ tí à ń wọ ilé, ohùn kan náà ni wọ́n ní, ó sì jọ pé ọmọ ìyá ni wọ́n: ohun tí ara lè kó sí nínú ni à ń wọ̀, bí ẹ̀wù, bí ṣòkòtò, bí bàtà. A lè tìtorí èyí ṣàánú atọ́kùn wa díẹ̀, nítorí ọwọ́ a máa kó sínú okùn náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ló ní ká wọ̀, kò pe okùn. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ tó ń wọ kámẹ́rà.

Ọrùn wá ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀ràn yìí. Atọ́kùn náà fi ọrùn sí apá kan, ó fi ọwọ́ sí apá kejì, bí ẹni pé orogún ni wọ́n. Níbo gan-an ni okùn tó ń polówó yìí máa jókòó sí? Kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́, kì í ṣe ìka, kì í ṣe ìgúnpá. Ọrùn ọwọ́ ni. Yorùbá kò wá orúkọ tuntun fún oríkèé yẹn. Ó wo ara láti òkè dé ilẹ̀, ó rí i pé ibi tó bá tínrín láàárín ohun méjì tó tóbi jù ú lọ, ọrùn ló jọ. Ọrùn ọwọ́ wà láàárín àtẹ́lẹwọ́ àti apá. Ọrùn ẹsẹ̀ wà lókè gìgísẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kókósẹ̀ ti fẹ́ gba ipò mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìgò ní ọrùn, akèrègbè ní ọrùn, ẹ̀wù ní ọrùn. Ibẹ̀ náà sì ni okùn ti ń dúró. So okùn mọ́ ìdí akèrègbè, yóò yọ̀ bọ́. So ó mọ́ ọrùn rẹ̀, ibi tó fẹ̀ lókè àti ibi tó fẹ̀ nísàlẹ̀ ni yóò máa ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, ọrùn ló so. Ẹni tó bá so adìẹ, ọrùn ẹsẹ̀ ni, àwọn ìka tó yà síbí yà sọ́hùn-ún ni kì í jẹ́ kí okùn bọ́. Àní nínú àfiwé pàápàá, ọ̀gbọ́n yìí ò yàtọ̀. Gbèsè a máa wà lọ́rùn èèyàn, ẹ̀jẹ́ a máa wà lọ́rùn ẹni tó jẹ́ ẹ. A kì í gbọ́ pé gbèsè wà léjìká. Èjìká ṣeé gbọ̀n.

Wàyí o, ẹ wo okùn méjèèjì yìí dáadáa. Èyí tí wọ́n ń pè ní ti ọrùn rí pẹlẹbẹ, ó fẹ̀ tó ìka méjì, etí kámẹ́rà méjèèjì ni wọ́n ti fi mọ́ ọn, ayàwòrán á sì ki orí bọ̀ ọ́. Ǹjẹ́ ó so mọ́ ọrùn? Rárá. Ẹ̀yìn ọrùn ló kàn gùn lé, tí kámẹ́rà ń rọ̀ dirodiro láyà. A gbé e kọ́ ni, bí ọdẹ ti ń gbé ìbọn kọ́ èjìká. Ayàwòrán bẹ̀rẹ̀ kó lè ya ọmọ kékeré tó ń jó, kámẹ́rà fì síwájú. Ó nàró, ó padà wá gbá a láyà. Ó wọ àárín àwọn tó ń náwó fún ìyàwó, okùn há mọ́ gèlè ẹnì kan. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ, ara ò sì rọ ọrùn tó gbé àwọn méjèèjì. Okùn kejì kúrú. Etí kan ṣoṣo ló ti mú kámẹ́rà. Ayàwòrán á ti ọwọ́ bọ ojóbó rẹ̀, á fa awọ kékeré tó wà lára rẹ̀ títí ojóbó yóò fi fún mọ́ ọrùn ọwọ́. Bí kámẹ́rà bá já bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, àtẹ́lẹwọ́ tó fẹ̀ ju ọrùn ọwọ́ lọ ni kò ní jẹ́ kí okùn yọ. Iṣẹ́ ọrùn akèrègbè gẹ́lẹ́ nìyẹn. Bí a bá fẹ́ ṣòdodo, nínú àwọn okùn méjèèjì, èyí tó wà lọ́wọ́ ló lẹ́tọ̀ọ́ jù láti máa jẹ́ okùn ọrùn! Èkejì, orúkọ rẹ̀ wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onílù: ohun tí wọ́n fi ń gbé ìyáàlù kọ́ èjìká, agbékọ́ ni. Orúkọ yẹn kò dá ẹ̀yà ara kankan lóhùn, iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe ló sọ.

Ibi tí ìyàtọ̀ wà nìyẹn o, láàárín kíkọ́ àti síso, kì í ṣe láàárín ọrùn àti ọwọ́. Àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ricoh GR III, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 257 gíráàmù pẹ̀lú bátìrì àti káàdì, okùn ọrùn ọwọ́ ni wọ́n kó sínú páálí rẹ̀. Nikon D850 jẹ́ 1005 gíráàmù kí wọ́n tó fi lẹ́ńsì kankan sí i, okùn gígùn ni wọ́n fi tì í lẹ́yìn. Ohun tó fúyẹ́ ṣeé so. Èyí tó wúwo, kíkọ́ ló yẹ ẹ́, pàápàá fún ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ lẹ́ńsì, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣófo.

Mo ti ń gbọ́ ohùn alátakò: ṣé aago ọrùn ọwọ́ ni ìwọ ń pè é ni? Aago ọwọ́ ni, ẹ̀gbà ọwọ́ ni, kò sì sí ẹni tó ń bínú. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Yorùbá a máa fi ọwọ́ pe gbogbo rẹ̀ láti èjìká títí dé èékánná, níbi tí ìdàrúdàpọ̀ kò bá sí. Aago mìíràn wo ló tún wà tó ń gun ẹ̀yìn ọwọ́? Kò sí. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ní okùn kẹta, pẹlẹbẹ kan tó gba ẹ̀yìn ọwọ́ kọjá, tó ń lẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ara kámẹ́rà. Ó wọ́pọ̀ lára kámẹ́rà tí wọ́n fi ń ya fídíò. Ìyẹn gan-an ni okùn ọwọ́. Bí a bá ti gbé orúkọ rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ tó wà lọ́rùn ọwọ́, kí la ó wá máa pe òun?

Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n sọ ọ́ lórúkọ, ìdè ni ǹ bá pè é. Ohun tí à ń fi sí ọrùn ọwọ́ ti ń jẹ́ ìdè tipẹ́. Bí babaláwo bá na ọwọ́, ìdè Ifá lẹ ó rí níbẹ̀. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà gbé orúkọ náà sọdá òkun. Títí dòní, ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ewé àti ìyeyè ti Ọ̀rúnmìlà tí wọ́n ń fi sọ́wọ́ òsì ni wọ́n ń pè ní idé, ti ọrùn sì ń jẹ́ eleke, èdè Sípéènì tó yí wọn ká kò rí i pa. Àmọ́ mo mọ̀ pé ìdè kò ní tà nílé. Ìdè ẹ̀ṣẹ̀ àti ìdè ọ̀tá ti gba ọ̀rọ̀ náà tán ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ayàwòrán tó bá gbàdúrà mọ́jú ní òru ọjọ́ Ẹtì pé kí gbogbo ìdè já, kò ní fẹ́ fi ìdè sọ́wọ́ lọ sóde ìgbéyàwó láàárọ̀ Sátidé. Nítorí náà, okùn náà ni ká máa wí. Ọjà ti gbà á, agbékọ́ á padà sọ́dọ̀ àwọn onílù rẹ̀, èmi náà ò jà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n dá ọrùn padà sára ọwọ́: okùn ọrùn ọwọ́. Sílébù méjì péré ni yóò fi kún un, okùn sáà ti wà nínú orúkọ iṣẹ́ atọ́kùn tẹ́lẹ̀. Ní ti "wọ kámẹ́rà", ẹ tún bi mí lọ́dún mẹ́wàá sí i. Ó ṣeé ṣe kó ti lọ jókòó ti "wọ aago" nígbà náà.